Ìwé Aláwọ̀ Ewé: Àkọsílẹ̀ Ikú Bàbá Ṣọ́jà ní Ẹ̀pẹ́

Ọjọ́bọ̀ ni Bàbá Ṣọ́jà kú, ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìdájí. Kí wọ́n tó pe ìrun Àlàásárì ọjọ́ náà, ó ti wà nílẹ̀. A wẹ̀ ẹ́, a dì í ní líkáfánì, Lèmọ́mù kírun sí i lára lẹ́yìn ìrun Àyìlà, àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò sì gbé e lọ. Kò sí ohun tó ṣàjèjì nínú ìyẹn fún àwa Mùsùlùmí Ẹ̀pẹ́. Ọ̀dọ̀ àwọn tó dé ní aago mẹ́rin àbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ọkùnrin mọ́kànlá ni wọ́n, nínú bọ́ọ̀sì kan tó gba ọ̀nà Ìtóìkín wá. Èyí tó kéré jù nínú wọn kò dín ní ọgọ́ta ọdún. Wọ́n wọ kákí tí wọ́n lọ̀ dáadáa, wọ́n dé béré, àmì ẹ̀yẹ wà láyà àwọn mìíràn. Ológun fẹ̀yìntì ni gbogbo wọn, ẹgbẹ́ tí Bàbá máa ń lọ bá ṣèpàdé. Ọ̀kan gbé fèrè idẹ lọ́wọ́, ó fi aṣọ funfun wé e. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé a ti sin ín, olórí wọn jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé, ó ṣí béré lórí, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ìgbà tó yá ló bú jáde:

“Ẹ sin ọmọ ogun bí ẹni tí kò lẹ́gbẹ́!”

Àkọ́bí Bàbá dọ̀bálẹ̀ kí ó tó dá a lóhùn. “Ẹ má bínú, sà. Bàbá fúnra wọn ló sọ fún mi pé bí àwọn bá kú láàárọ̀, kí wọ́n má bá àwọn nílé lálẹ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ wọ́n.”

“A mọ̀ ọ́n. A ti mọ̀ ọ́n kí ìwọ tó dáyé.”

Ohùn ń ga sókè. Àwọn ọ̀dọ́ kan ti ń sún mọ́ iwájú ilé bí ẹni pé ìjà fẹ́ ṣẹlẹ̀. Lèmọ́mù wa ló bọ́ sáàárín wọn. Ó ní ẹ̀sìn sọ pé kí a tètè sin òkú, kò sọ pé kí ọ̀rẹ́ má kí i. Adúà ọjọ́ kẹjọ ń bọ̀, kí wọ́n padà wá, kí wọ́n sì mú fèrè wọn dání. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rọlẹ̀ nìyẹn. Wọ́n lọ sí ibojì, wọ́n dúró lórí ìlà kan ṣoṣo, wọ́n gbé ọwọ́ séèlúùtì sókè, wọ́n padà sínú bọ́ọ̀sì. Àkọ́bí Bàbá sin wọ́n dé ìdí ọkọ̀.

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àdúgbò wa. Tíṣà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí. Ẹgbẹ́ ló ní kí n kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ láti ọjọ́ ikú títí di ogójì ọjọ́, nítorí àwọn kan ti ń tan ìròyìn pé ẹbí lé àwọn ológun kúrò níbi òkú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹbí bẹ̀ mí pé kí n má dárúkọ ẹnikẹ́ni, n kò sì ní dárúkọ. Bàbá Ṣọ́jà ni gbogbo wa ń pè é.

Ẹ̀bi wà lọ́rùn tèmi náà, n ó sì sọ ọ́ níbí. Ìwé kan wà, ìwé ọmọ ilé-ìwé tí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ ewé, tí Bàbá kì í fi sílẹ̀. Ó ti fi hàn mí rí. Lójú-ewé àkọ́kọ́, ó kọ nọ́mbà fóònù mẹ́ta, ó sì kọ sábẹ́ wọn pé: Bí mo bá kú, àwọn yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ pè. Ojú mi ti rí i, ọkàn mi sì gbàgbé. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn, mo pe àwọn tíṣà, mo pe alága wa, mo pe àwọn tí yóò ya àga. Ọ̀sán gangan ni ọmọkùnrin kan tó mọ ọ̀kan nínú àwọn ológun náà tó rántí láti pè é. Ká ní mo pè wọ́n ní aago mẹ́fà ni, wọn ì bá bá wa níbi tí a ti kírun sí i lára.

Ọmọ apẹja ni Bàbá, etí ọ̀sà níbí ni wọ́n bí i sí. Ọdún 1967, ọdún kan náà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, ni ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ ní oṣù keje. Kí ọdún tó parí ó ti wọ ọkọ̀ ojú omi láti Ẹ̀pẹ́ lọ sí Èkó, ó ti lọ forúkọ sílẹ̀. Kò tíì pé ogún ọdún. Wọ́n bi í léèrè ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe, ó ní òun mọ omi. Wọ́n gbé e lọ sí Divíṣàn Kẹta, àwọn Marine Commando tí Kọ́nẹ́ẹ̀lì Benjamin Adékúnlé ń darí. Àwọn yẹn ni wọ́n sọdá odò Ímò, tí wọ́n sì gba Port Harcourt ní oṣù karùn-ún 1968.

Ẹni tó bá dàgbà ní Ẹ̀pẹ́ lè rò pé sísọdá odò kì í ṣe ìṣòro. Bàbá kì í sọ ìtàn ogun. Ẹ lè bá a jókòó láti àárọ̀ di alẹ́, kò ní sọ ẹni tó yìn níbọn tàbí ẹni tó yin òun. Ìtàn kan ṣoṣo ni mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀, mo sì gbọ́ ọ tó ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Lóru kan, wọ́n ń fi ọkọ̀ ọlọ́pọ́n sọdá omi, ọkọ̀ kan dojú dé. Àwọn méjì nínú rẹ̀ wá láti ilẹ̀ gbígbẹ, wọn kò rí omi tó ju omi kànga lọ kí wọ́n tó wọṣẹ́ ológun. Bàbá rí ọwọ́ ọ̀kan nínú wọn mú. Ó ní ọwọ́ náà bọ́ lọ́wọ́ òun nítorí ẹrẹ̀. “Tíṣà,” ni ó máa ń sọ, “kì í ṣe ọ̀tá ló pa wọ́n. Omi tí ọmọ ọdún méje máa ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́ níbí ló pa wọ́n.”

Ìdí nìyẹn tí kò fi jẹ́ kí ọmọ kan kọjá ọdún mẹ́wàá ládùúgbò wa láìmọ omi í wẹ̀. Ó kọ́ mi. Ó kọ́ àwọn ọmọ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìdí nìyẹn pẹ̀lú tó fi máa ń dúró ní èbúté lọ́jọ́ ọjà, tí yóò máa pariwo mọ́ èrò tí kò wọ láìfù-jákẹ́ẹ̀tì. Àwọn ọlọ́kọ̀ kò fẹ́ràn rẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀kan tiẹ̀ tì í ṣubú nígbà kan. Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, ó tún wà níbẹ̀.

Ogun parí ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní 1970, nígbà tí àwọn aṣojú Biafra wá fọwọ́ sí ìwé ní Dodan Barracks l’Ékòó. Bàbá kò kúrò nínú iṣẹ́. Lẹ́yìn tí Nàìjíríà rán ọmọ ogun lọ sí Lẹ́bánónì ní 1978 lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ó wà lára àwọn tó lọ. Ibẹ̀ ló ti gba fìlà aláwọ̀ búlúù tí gbogbo ọmọ ilé-ìwé wa mọ̀ ọ́n mọ́. Ibẹ̀ náà ló ti kọ́ bí a ṣe ń di ọgbẹ́ àti bí a ṣe ń gbé ẹni tí egungun rẹ̀ ti kán. Ní 1987 ó fẹ̀yìn tì, ó padà wálé, ó fẹ́ ìyàwó tó ń ta ẹja yíyan ní ọjà Olúwo.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí a bá nínú ìwé aláwọ̀ ewé náà, nítorí òun gan-an ni ìṣẹ̀lẹ̀ tí mo ní láti sọ.

Ọjọ́ kejì ikú ni Ìyá Ṣọ́jà, ìyàwó Bàbá, gbé e fún mi. Ó ní, “Tíṣà, mi ò mọ̀wé. Ka ohun tó wà níbẹ̀ fún mi.” A jókòó sẹ́yìn ilé, níbi tí ẹja wà lórí àgbá, mo ń kà á. Kò sí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ kan níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ wa ló kún inú rẹ̀. Ó kọ orúkọ àwọn àgbàlagbà mẹ́sàn-án tó ń gbé láwọn nìkan, ó kọ ọjọ́ tí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru oníkálukú yóò tán. Ó kọ iye tó kù kí ọmọ oní-Màrúwá kan san fún ilé-ìwé, ó kọ ọ̀dọ̀ ẹni tí òun ti bẹ̀bẹ̀ owó náà. Ó ya gọ́tà àdúgbò bí ẹni ya máàpù ogun, ó fi àmì sí ibi tí omi ti ń dúró. Ẹ̀pẹ́ dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sọ́dọ̀ ọ̀sà, gbogbo òjò tó bá rọ̀ lókè, ọ̀dọ̀ àwa tó wà nísàlẹ̀ ló ń bọ̀. Bí gọ́tà kan bá dí, yàrá ni omi ń wọ̀.

Àwọn ohun mìíràn tún wà tí a ti rò pé ìjọba ló ń ṣe wọ́n. Àwọn tó ń kán oògùn rọpárọsẹ̀ sẹ́nu àwọn ọmọdé, tí wọ́n ń rìn láti ilé dé ilé, ta ló ń mú wọn wọ àwọn ilé tí ọkọ ti ní kí ìyàwó má ṣílẹ̀kùn? Bàbá ni. Ọjọ́ wà nínú ìwé, nọ́mbà ilé wà níbẹ̀. Ní oṣù kẹjọ 2020 tí wọ́n kéde pé irú àrùn rọpárọsẹ̀ tí wọ́n ń pè ní wild polio ti kúrò nílẹ̀ Áfíríkà, ó kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sí ìsàlẹ̀ ojú-ewé yẹn: Alhamdulillahi. Nọ́mbà 767 tí wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ sára ògiri mẹ́ta ládùúgbò, tí ó jẹ́ nọ́mbà tí a fi ń pe ìjọba Èkó fún ìrànlọ́wọ́ pàjáwìrì, òun ló kọ wọ́n, òun ló ń tún wọn kùn lọ́dọọdún. Àtúnṣe Sátidé ìparí oṣù tó bẹ̀rẹ̀ nígbà WAI, ètò tí ìjọba ológun fi gbógun ti ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́ láàárín àwọn ọdún 1980, tí ìjọba Èkó dá ìséde rẹ̀ dúró ní 2016, kò dá tirẹ̀ dúró. Òun pẹ̀lú ṣọ́bìrì rẹ̀ ni. Nígbà míì a máa ń bá a débẹ̀ bí ènìyàn márùn-ún. Nígbà míì òun nìkan ni.

Mo kà á títí, Ìyá Ṣọ́jà kò sọ nǹkan kan. Nígbà tí mo pa ìwé náà dé, ó bi mí pé, “Ibo ni ó kọ tèmi sí?”

N kò rí èsì fún un. Ọ̀rọ̀ yẹn sì wá di ohun tí a ń bá fà títí di òní.

Ìdí ni pé nígbà tí Bàbá forúkọ sílẹ̀ ní 1967, ọmọkùnrin tí kò láya ni. Orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló kọ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí wọn yóò fún ní ẹ̀tọ́ òun bí òun bá kú. Ẹ̀gbọ́n náà ti kú tipẹ́. Bàbá tó ń kọ ọjọ́ tí oògùn ará àdúgbò yóò tán kò padà lọ yí orúkọ yẹn. Nígbà tí èmi àti Ìyá Ṣọ́jà dé ọ́fíìsì tí wọ́n ní kí a lọ, ọmọdékùnrin tó wà nídìí tábìlì wo fáìlì, ó ní kò sí orúkọ màmá níbẹ̀. Obìnrin tó ti bá a gbé láti 1987! Ó sọ ọ́ bí ẹni sọ pé kò sí iyọ̀ lọ́jà. Ìyá kò sunkún. Ó kàn ń tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó ń tún un ṣe.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a lọ. Wọ́n kọ́kọ́ bèèrè ìwé ẹ̀rí ikú Bàbá láti ọ̀dọ̀ Àjọ Ìkànìyàn. Ìyẹn kò nira. Wọ́n bèèrè ti ẹ̀gbọ́n náà, ẹni tí kò sẹ́ni tó forúkọ ikú rẹ̀ sílẹ̀ nígbà náà. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n ní láti lọ búra ní kóòtù pé bàbá àwọn ti kú, àti pé àwọn kò bá màmá du nǹkan kan. Mo fẹ́ kí gbogbo àdúgbò mọ̀ pé wọn kò bá a du ú lóòótọ́. Ọ̀kan wá láti Ìjẹ̀bú-Òde, òmíràn wá láti Ìkòròdú, wọ́n búra lọ́jọ́ kan náà, wọn kò gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ wa. Ìgbà kẹta ni ọ́fíìsì gba ìwé, wọ́n fún wa ní nọ́mbà tí a ó fi máa bèèrè. Owó kò tíì jáde.

Mo ti fo ọjọ́ kẹjọ. Àwọn mọ́kànlá padà wá gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ṣèlérí. Lẹ́yìn tí àwọn ààfáà ṣe fídáù tán, tí a ti jẹun, wọ́n tò sí iwájú ilé. Àwọn obìnrin ọjà Olúwo ti ilé ìtajà wọn, wọ́n wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà pẹ̀lú èpìrọ̀nù lára. Ẹni tó ní fèrè tú aṣọ funfun kúrò lára rẹ̀. Orin náà kò gùn, kò tó ìṣẹ́jú méjì. Ohùn fèrè gbọ̀n láàárín, nítorí èémí àgbà ni, ó sì gbé e dé òpin. Típà tó ń ru yanrìn bọ̀ lójú títì dúró fúnra rẹ̀. Dẹ́rẹ́bà bọ́ sílẹ̀, ó ṣí fìlà.

Mo mọ dẹ́rẹ́bà yẹn. Òun ni Bàbá gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn níwájú ilé-ìwé wa, tí ó dá a dúró sí oòrùn fún wákàtí kan nítorí pé ó sáré nígbà tí àwọn ọmọ ń sọdá. Ó le, Bàbá. Kò yẹ kí ó gba kọ́kọ́rọ́ ọlọ́kọ̀, mo sì sọ fún un lọ́jọ́ náà. Ó bá mi bínú fún ọ̀sẹ̀ kan. N kò lè kọ ìtàn rẹ̀ kí n má kọ ìyẹn, nítorí líle yẹn wà lára ohun tí kò jẹ́ kí àwa yòókù sún mọ́ iṣẹ́ náà. Mo ti sọ fún un nípàdé pé kí a yan ẹni mẹ́ta tí yóò máa ràn án lọ́wọ́. Ó ní, “Tíṣà, ẹni tó bá fẹ́ ràn mí lọ́wọ́ mọ ilé mi.” Kò sẹ́ni tó lọ. Èmi náà kò lọ.

Títì ilé-ìwé ló kọ́kọ́ fi hàn wá pé àyè Bàbá ti ṣófo. Láti aago méje sí mẹ́jọ láràárọ̀ ni Bàbá fi ń dúró níbẹ̀ pẹ̀lú fìlà búlúù, àsíá pupa kékeré àti fèrè. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé ìsìnkú, àwọn ọmọ dé etí títì, wọ́n dúró. Wọ́n ń retí fèrè. Wọ́n tó ogójì kí tíṣà kankan tó mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀, ọkọ̀ sì ń kọjá fìrí-fìrí. Èmi ni mo sáré jáde. Mo nawọ́, típà àkọ́kọ́ kò dúró, ìkejì kò dúró. Ìkẹta ló dúró. Ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n títí mo fi padà sí kíláàsì.

Lálẹ́ ọjọ́ náà mo lọ bá Ìyá Ṣọ́jà pé kí ó yá wa ní nǹkan Bàbá. Ó wọlé, ó mú àsíá àti fèrè jáde. Kò mú fìlà jáde, n kò sì bèèrè. Orí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn ló wà, ibẹ̀ ni yóò máa wà.

A pín iṣẹ́ inú ìwé náà nípàdé ọjọ́ Àìkú kejì. Àwa tíṣà gba títì, ẹni méjì lọ́jọ́ kan. Àwọn obìnrin Olúwo gba orúkọ àwọn àgbàlagbà mẹ́sàn-án, wọ́n sì sọ wọ́n di mọ́kànlá kí ìpàdé tó parí, nítorí wọ́n mọ àwọn méjì tí Bàbá kò mọ̀. Àwọn oní-Màrúwá ní àwọn ni yóò máa tún 767 kùn. Èbúté ni a kò tíì rí ẹni gbà. Gbogbo ènìyàn ní àyà ń já àwọn nítorí àwọn ọlọ́kọ̀. Mo kọ ọ́ síbí kí ẹni tó lè ṣe é má bàa sọ pé òun kò gbọ́.

Lógójì ọjọ́, olórí àwọn ológun náà tún wá pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìyá Ṣọ́jà sọ ọ̀rọ̀ fáìlì fún un. Ó gbọ́ ọ tán, ó yíjú sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan pé orúkọ ta ló wà nínú ìwé wọn. Àwọn mẹ́rin kò lè dáhùn. Ọ̀kan sọ pé orúkọ màmá òun ni, màmá tó ti kú láti ọjọ́ pípẹ́. Olórí ní kí àwọn márààrún wá bá òun lọ́jọ́ Ajé pẹ̀lú fọ́tò ìyàwó wọn, wọ́n sì ti lọ.

Ó ku gọ́tà. Ìlà tó kẹ́yìn nínú ìwé Bàbá, tó kọ ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ikú rẹ̀, kà báyìí pé: Gọ́tà ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí, ìbòrí kan ti já, ó ku sìmẹ́ńtì àpò méjì. Àpò méjèèjì ti wà nílé mi. Yanrìn, dẹ́rẹ́bà típà yẹn ló já a sílẹ̀ fún wa láìgba kọ́bọ̀. Sátidé ìparí oṣù yìí ni, aago méje àárọ̀, ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí. Ẹ mú ṣọ́bìrì dání.